Ṣé kí n padà sídìí iṣẹ́ lọ́yà ní Scotland? Ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì ní Aberdeen

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aberdeen ni mo wà pẹ̀lú ọkọ mi. Dókítà ni wọ́n, orí físà wọn ni mo sì wà. Agbẹjọ́rò ni èmi náà nílé, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní kóòtù Ìbàdàn kí a tó kó wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọkàn mi ń fà sí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní iṣẹ́ lọ́yà ti ń kú lọ ní Scotland, pé àwọn lọ́yà ń sá kúrò, pé ìjọba sì ń yí gbogbo òfin wọn padà. Àwọn mìíràn ní kí n kàn lọ ṣe ìdánwò ti England, kó tán síbẹ̀. Kí lẹ rí sí i? Ìyá Ìbejì, Aberdeen.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìfaradà. Iṣẹ́ náà kò kú. Àwọn solicitor (ìyẹn agbẹjọ́rò) tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Law Society of Scotland, ẹgbẹ́ tó ń darí wọn, lé ní 13,000, obìnrin ló sì ju ìdajì lọ nínú wọn. Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì ńlá kan ní Edinburgh, tàbí ní Aberdeen tiyín níbi tí wọ́n ti ń kọ àdéhùn epo rọ̀bì, ẹ kò ní rí àpẹẹrẹ ikú kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín náà kò parọ́ pátápátá. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣẹ́ náà ń kúrò lọ́dọ̀ tálákà, ó ń lọ síbi tí owó wà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yìí, ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò padà sí, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ẹ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìdánwò England kúrò nílẹ̀. Nígbà tí Scotland àti England di orílẹ̀-èdè kan ní 1707, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé òfin Scotland àti àwọn kóòtù rẹ̀ yóò wà bí wọ́n ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí dòní. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní SQE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, England àti Wales ló wà fún. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ kò lè torí ìyẹn dìde dúró níwájú sheriff, ìyẹn adájọ́, ní kóòtù Castle Street ní Aberdeen láti gbẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò. Kódà ẹni tó ti ń ṣe solicitor láti ogún ọdún ní Manchester, bí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ òfin Scotland, àfi kí Law Society ti ibí yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá ń rò pé ẹ máa kó lọ sí London lọ́la, ọ̀rọ̀ dé ibòmíràn nìyẹn. Bí Aberdeen bá jẹ́ ilé, ẹ má fi owó yín ra ohun tí kò ní ṣílẹ̀kùn níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nílé náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ibí mu. Òfin England ni wọ́n gbé wá bá wa ní Nàìjíríà. Ti Scotland ní gbòǹgbò tirẹ̀, ó ti mu púpọ̀ nínú òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́. Níbí, ènìyàn lè ṣèlérí kí òfin sì mú un, bí ẹnì kejì kò tiẹ̀ san ohunkóhun padà. Bàbá tó bínú sọ́mọ kò lè fi ìwé ìhágún yọ ọmọ náà kúrò pátápátá nínú owó àti ẹrù tó fi sílẹ̀, ọmọ náà ní ìpín kan tí òfin ti yà sọ́tọ̀ fún un. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, àfi kí ohun mìíràn tì í lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2023 ni àwọn adájọ́ àgbà ti fẹ ohun tí wọ́n lè kà sí ìtìlẹ́yìn yẹn lójú sí i. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jókòó gẹ́gẹ́ bí jury, ìyẹn aráàlú tó ń dá ẹjọ́, kì í ṣe méjìlá bíi ti England. Mi ò kọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà dúró ní kóòtù Ìbàdàn mọ bí wọ́n ṣe ń ka òfin. Òfin tuntun ni ẹ máa kà, kì í ṣe pé ẹ tún ń bẹ̀rẹ̀ láti A-B-D.

Ẹjọ́ Scotland kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀ kí a tó gúnlẹ̀ síbí, ìyẹn Donoghue àti Stevenson. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà tí kò kọ́ nípa ìgbín inú ìgò ginger beer. Paisley, nítòsí Glasgow, ló ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1928. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ní kíláàsì ni bí May Donoghue, obìnrin tó mu ún, ṣe rí owó gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ House of Lords ní London. Kò rí owó. Ó búra níwájú wọn pé tálákà ni òun, pé gbogbo ohun tí òun ní láyé kò tó £5, wọ́n sì gbà á láàyè kí ó pe ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí aláìní. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1932, adájọ́ mẹ́ta gbè é, méjì kò gbè é, òfin pé ẹni tó ń ṣe ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má pa ẹni tó ń lò ó lára, tí àwọn adájọ́ ń lò ní Ìkẹjà àti ní Ìbàdàn títí di àárọ̀ yìí sì jáde láti inú ọ̀ràn obìnrin kan tí kò ní £5.

Kò sì yani lẹ́nu pé Scotland ló ti wá. Láti 1424 ni òfin ti wà níbí pé bí aláìní bá ní ẹjọ́ tí kò sì lágbára àtirò ó, kí adájọ́ wá agbẹjọ́rò olóòótọ́ tó gbọ́n fún un. Ní 1949 ni wọ́n ṣe òfin tó sọ ọ́ di ohun tí ìjọba ń san owó rẹ̀, òfin kan náà tó dá Law Society sílẹ̀. Láti 1987 sì ni Scottish Legal Aid Board ti ń bójú tó owó náà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé legal aid, ìyẹn owó ìjọba tí a fi ń gbẹjọ́ aláìní rò, ń rẹ̀yìn, ohun tí mo ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn lọ́yà nìkan. Ohun tí ilẹ̀ yìí ti gbà gbọ́ láti 600 ọdún ló ń yọ́ lọ.

Ẹ wá àyè lọ́jọ́ Ajé kan, kí ẹ lọ jókòó níbi tí wọ́n ń gba aráàlú láàyè ní Sheriff Court. Àwọn tí ọlọ́pàá mú lópin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì fi pa mọ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kó wọn wá. Agbẹjọ́rò tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní duty solicitor, yóò gba ìdì ìwé ẹ̀sùn láti ọ́fíìsì procurator fiscal, ìyẹn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ènìyàn lẹ́jọ́, yóò sì wọlé lọ bá wọn níbi àhámọ́. Ọ̀kan ń gbọ̀n nítorí oògùn olóró tí kò rí lò láti àná. Ọ̀kan kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùtumọ̀ kò sì tíì dé. Ọ̀kan jẹ́ bàbá ọlọ́mọ tí kò wọ àhámọ́ rí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbẹjọ́rò yìí gbọ́dọ̀ ka ẹ̀sùn, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó sì sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún un bó bá gbà pé òun jẹ̀bi àti bí kò bá gbà. Bí sheriff bá fún bàbá yìí ní béèlì, ó lè sọ pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé rẹ̀. Níbo ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Agbẹjọ́rò yẹn náà ni yóò máa pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù láti bá a wá àdírẹ́sì. Ẹni tó kàn sì ti ń dúró.

Nínú ẹjọ́ kéékèèké, iye kan pàtó ni legal aid ń san, yálà ẹjọ́ náà yá tàbí ó fà. Agbẹjọ́rò tún ní láti kó ìwé báńkì oníbàárà rẹ̀ jọ láti fi hàn pé kò lówó lọ́wọ́. Ẹ wo ẹni tí kò nílé, níbo ni yóò ti rí ìwé báńkì oṣù mẹ́ta? Bí ìwé kan bá dín, owó lè má jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí wọ́n ń san kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni owó ọ́fíìsì, owó iná àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ń gòkè. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò olùgbèjà kọ̀ láti gba irú ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé kan, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ jìnnà. Ìjọba fi £11 mílíọ̀nù kún un lọ́dún náà. Ó ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ kò padà wá.

Ibo ni wọ́n lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ ìjọba kan náà ni. Ọ́fíìsì fiscal, tó ń pe ènìyàn lẹ́jọ́, ń san owó oṣù tó dára, ó ní ìsinmi, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò olùgbèjà yóò wò ó lọ́tùn-ún, yóò wò ó lósì, yóò sì sọdá. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n owó ìlú ló ń san ti ọwọ́ ọ̀tún, òun náà ló ń san ti ọwọ́ òsì, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀kan máa gbé òṣìṣẹ́ ìkejì lọ. Mo ti ń bá àwọn òṣèlú sọ èyí níbikíbi tí wọ́n bá ti fún mi láàyè, mi ò sì ní yé sọ ọ́.

Ní ìgbèríko àti ní àwọn erékùṣù, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: obìnrin kan sá kúrò nílé nítorí ìyà, agbẹjọ́rò kan ṣoṣo ló kù nítòsí tó ń gba legal aid, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa kò gba agbẹjọ́rò náà láyè láti ṣe fún àwọn méjèèjì. Ó di kí obìnrin yẹn máa fóònù káàkiri Scotland pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Àwọn agbẹjọ́rò tó dúró síbẹ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn ti ń dàgbà, wọn ò sì rí ẹni tí wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́.

Ti òfin tí ìjọba ń yí padà, méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Èyí àkọ́kọ́ kan àwa agbẹjọ́rò fúnra wa. Ní 2018, Esther Roberton kọ ìròyìn kan fún ìjọba pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ kan náà máa jà fún àwọn agbẹjọ́rò kó sì tún máa bá wọn wí, pé kí wọ́n dá àjọ olómìnira sílẹ̀. Ìjọba kò gba ìmọ̀ràn náà tán. Àbá òfin tí wọ́n gbé jáde ní 2023 fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ Law Society, ó sì fẹ́ fún àwọn mínísítà lágbára láti dá sí bí wọ́n ṣe ń darí àwọn agbẹjọ́rò. Àwọn adájọ́ àgbà fárígá. Wọ́n ní agbẹjọ́rò tó ń bá ìjọba ṣẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ máa wojú mínísítà. Wọ́n mú agbára yẹn kúrò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù Karùn-ún 2025. Lójú tèmi, àwọn adájọ́ ló jàre lórí ọ̀rọ̀ mínísítà. Ṣùgbọ́n lórí ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ lọ́yà rẹ̀ sùn, Roberton ló jàre, mo sì rò pé a ṣì máa padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun kan wà nínú òfin náà tó kàn wá gan-an. Títí di ìgbà yẹn, orúkọ bíi solicitor ni òfin dáàbò bò. Ẹnikẹ́ni lè kọ “lawyer” sára káàdì rẹ̀, kó máa gbowó lọ́wọ́ ènìyàn. Òfin tuntun sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi orúkọ yẹn tan ènìyàn jẹ. Ẹ fi sọ́kàn, Ìyá Ìbejì, nítorí bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ti mọ̀ pé agbẹjọ́rò ni yín nílé, wọ́n á máa kó ìwé físà wá bá yín lẹ́yìn ìsìn. Láti 1999 ni òfin ti wà pé ẹni tí kò ní àṣẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ìmọ̀ràn lórí físà di iṣẹ́, bí kò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ọ̀ràn ọ̀daràn ni, ó sì lè ba ọ̀nà yín jẹ́ kí ẹ tó wọlé. Ẹ darí wọn sí ọ̀dọ̀ solicitor. Ẹ sì sọ fún wọn pé ní Scotland níbí, legal aid ṣì wà fún ọ̀rọ̀ físà, ohun tí England ti gé kúrò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti 2013. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni kò mọ̀, wọ́n á lọ yá owó láti san fún aláàárín tí kò mọ nǹkan kan.

Òfin kejì jẹ́ ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní “not proven”, pé ẹ̀rí kò tó, tó sì ń dá ènìyàn sílẹ̀, kásẹ̀ nílẹ̀, kó ku jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti dá ènìyàn lẹ́bi. Ní báyìí, ó di mẹ́wàá. Òfin náà tún dá kóòtù ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ tipátipá. Ìjọba ti kọ́kọ́ fẹ́ kí adájọ́ nìkan máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí jury láti fi dán an wò, àwọn agbẹjọ́rò ní àwọn ò ní bá wọn dá sí i, ìjọba sì yọ ọ́ kúrò. Kò sí ohun àtijọ́ tí ẹ ní láti gbàgbé nínú èyí, torí ẹ kò mọ ti àtijọ́. Ní ti ìyẹn, ẹ sàn ju àwa tí a ti pẹ́ níbí lọ.

Ó ku ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé. Law Society ní ìdánwò kan fún àwọn tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ mìíràn, Qualified Lawyers Assessment ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ Law Society fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe ọ̀dọ̀ aláàárín kankan. Wọ́n á yẹ ìwé yín wò, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, yunifásítì Aberdeen ní LLB (oyè òfin) ọlọ́dún méjì fún ẹni tó ti ní oyè tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Diploma ti iṣẹ́ agbẹjọ́rò, lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún méjì ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ solicitor. Ọ̀nà gígùn ni, ó sì ń jẹ owó. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìdánwò ni mo máa kọ́kọ́ bá jà.

Ẹ ní àǹfààní kan tí ẹ kò mẹ́nu bà. Nítorí pé orí físà ọkọ yín ni ẹ wà, kò sí ọ̀gá tó ní láti ṣe onígbọ̀wọ́ yín. Láti oṣù Keje 2025, ẹni tó fẹ́ físà Skilled Worker gbọ́dọ̀ máa gba £41,700 lọ́dún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba £33,400 ó kéré tán. Ọ́fíìsì kékeré tó ń gbé ara lé legal aid kò lè san iye yẹn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Nàìjíríà tó ṣe LLB níbí, tó yege dáadáa, fi ń rí ilẹ̀kùn títì níbi tí wọ́n ti nílò òṣìṣẹ́ jù. Àwọn ọ́fíìsì yẹn lè gba ẹ̀yin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí paralegal (olùrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò) lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ máa mọ ìwé àti kóòtù bí ẹ ṣe ń kàwé. Owó rẹ̀ lè má ju ti ilé ìtọ́jú lọ, mi ò ní tàn yín. Ẹ sì bá ọkọ yín sọ ọ̀rọ̀ owó náà délẹ̀, kí ẹ wo ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó fẹsẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ ó rí i pé gbogbo ọ́fíìsì ló ń bá ìwé ìwádìí owó jìjàkadì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé gbọ́dọ̀ fi hàn ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá ní àjọ ni òun kó, tàbí pé ilẹ̀ bàbá àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn tà, solicitor tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rù, yóò sì kọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin mọ irú ìwé tó yẹ kí ẹbí ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹ sì mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Irú ìmọ̀ yẹn ṣọ̀wọ́n níbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ní i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé kíkà. Ẹ kọ̀wé sí Supreme Court ní Abuja fún ìwé ẹ̀rí pé orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, kí ẹ béèrè èsì ìdánwò yín lọ́wọ́ Nigerian Law School àti yunifásítì yín. Ẹ rán ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, tó sì lè padà lọ, nítorí àwọn ìwé yìí ló máa ń pẹ́ jù, Law Society kò sì ní lè sọ nǹkan kan fún yín tí wọn ò bá rí wọn.